Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tí àwa ọmọ Ifẹ̀ máa ń pa bí ẹni pé tiwa nìkan ṣoṣo ni: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìrẹmọ, níbi tí a ti tọ́ mi dàgbà, mo gbọ́ òwe yìí níbi ìkómọ, mo gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹbí, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń parí ìjà. Mo gbọ́ ọ títí ó fi dà bí orin tí a ń kọ láì ronú sí i. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òwe náà yóò dìde dúró níwájú mi, tí yóò sì bi mí léèrè ohun tí mo fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó buyì kún mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi egbò pamọ́ kò lè rí ẹni tí yóò bá a wẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ilé ìyá ìyá mi. Ilé náà wà ní Ìrẹmọ, láàárín àwọn agbo ilé tí ó súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ń dín àkàrà ní ilé kan, ilé mẹ́ta ni yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Kẹrosíìnì ni Ìyá Àgbà ń tà. Inú ìgò ni ó máa ń wọ̀n ọ́n sí kí àwọn oníbàárà tó dé, irú ìgò kan náà gan-an ni a sì fi ń bu omi mímu. Ní ọjọ́ kan, ó rán mi pé kí n kó ìgò kẹrosíìnì jáde síta. Eré wà lọ́kàn mi. Mo gbé ọ̀kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò ìyá mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé ìgò náà sẹ́nu. Kí ó tó mọ òórùn, ó ti gbé ẹnu kan mì. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, orí sì bá wa ṣe é, ó yè.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ilé ń retí pàṣán. Ìyá Àgbà béèrè pé, “Ta ni ó gbé ìgò yìí síbí?” Mo ń gbọ̀n, mo ní, “Èmi ni, mà.” Ó wò mí títí. Ó ní, “O ṣeun tí o sọ ọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí wọ́n nà mí kí n lè ní ọgbọ́n. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé, “Bí mo bá nà án, ìgò yóò ṣì wà níbi tí ó wà.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ya aṣọ pupa kan sí wẹ́wẹ́, ó so ó mọ́ ọrùn gbogbo ìgò kẹrosíìnì, ó kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò tún sí ẹni tí ó mu kẹrosíìnì nínú ilé náà.

Mo dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ICU, èyíinì ni yàrá ìtọ́jú àwọn tí wọ́n wà láàárín ìyè àti ikú. Ilé ìwòsàn náà kò sí ní Ifẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ara mi ni mo fẹ́ bá wí. Ẹni tí kò bá dé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí yóò rò pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Lóòótọ́ ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀: rọ́bà wà ní ọ̀fun aláìsàn, ẹ̀rọ ń bá a mí, oògùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń kán sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan. Bí a bá ṣìṣe sí aláìsàn ní wọ́ọ̀dù mìíràn, ó lè kígbe, ó lè ní, “Ẹ dákun, oògùn tí mo lò lánàá kò rí báyìí.” Ẹni tí ó wà ní ICU kò lè sọ ohunkóhun. Kò ní ohùn kankan mọ́, àfi ohùn àwọn tí ó dúró tì í. Bí àwọn náà bá dákẹ́, òun ti dákẹ́ nìyẹn.

Ó sì yẹ kí a rántí pé ọwọ́ àwọn ọmọdé wà nínú ohun tí ó bí irú yàrá yìí. Ní 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà gidigidi ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, ó ń gba èémí lọ́wọ́ àwọn tí ó mú. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí a la ọ̀nà sí ọ̀fun wọn, kí a sì máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ láti fi èémí sí wọn nínú. Ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é kò tó rárá. Ni wọ́n bá ké sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláìsàn, tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń tẹ àpò náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbá kú ni ó yè. Láti inú iṣẹ́ náà ni ICU ti jáde. Àgbà ni ó mú ìmọ̀ràn wá, ọmọdé ni ó fi ọwọ́ gbé e ró.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ. Ní òru ọjọ́ kan, aago mẹ́ta ti lù. Nọ́ọ̀sì méjì ni ó yẹ kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kejì mi kò wá. Aláìsàn mẹ́rin ni ó wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tí kò tíì pé oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ fi omi ṣan ọ̀nà abẹ́rẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọkọ̀ kọlù. Mo na ọwọ́ sí àwo tí a ń kó àwọn ìgò abẹ́rẹ́ kéékèèké sí, mo mú ọ̀kan, mo ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, mo fa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sínú síríńjì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wúkọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú, ẹ bá mi wo ìgò yẹn.”

Mo fi ojú bá a wí. Mo ní, “Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́?”

Ó wolẹ̀, ó ní, “Rárá o, mà.” Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ìdúró rẹ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí n wo ara ìgò náà. Pọtásíọ̀mù ni.

Kí ó lè yé ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn, pọtásíọ̀mù jẹ́ iyọ̀ kan tí ara ènìyàn kò lè ṣe aláìní. Bí a bá pò ó mọ́ omi púpọ̀, tí ó ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀, ìwòsàn ni. Bí a bá gún un sára lójijì láì pò ó mọ́ nǹkan kan, ọkàn yóò dúró. Ó mọ́ gaara bí omi. Inú irú ìgò kékeré tí omi abẹ́rẹ́ wà ni òun náà wà, nínú àwo kan náà. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọ̀rọ̀ àwọn oògùn líle bí irú èyí mọ́ ohun mẹ́sàn-án tí ó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn mójú tó. Ní kúkúrú, ìgò kẹrosíìnì ni mo tún gbé, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi ni ó sì tún wà.

Mo da á nù. Òógùn bò mí bí ẹni tí òjò pa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá dúró níbẹ̀, ìtàn ẹni tí orí yọ ni n bá máa sọ fún yín. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní, “Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru yìí, àárín èmi pẹ̀lú rẹ ni kí ó mọ.” Ó ní, “Mo ti gbọ́, mà.” N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú ni ó dí mi lẹ́nu, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìwé kúẹ́rì ni ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe máa ń gbà níbi iṣẹ́ wa. Ọmọ Ìyá Àgbà tí ó ti ní “Èmi ni, mà” nígbà tí ó wà ní kékeré kò lè sọ ọ́ mọ́ nígbà tí ó di àgbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní òru tí èmi kò sí lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ọ̀sì mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́, tí ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, na ọwọ́ sí àwo kan náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò wúkọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni aláìsàn náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Wọ́n dá nọ́ọ̀sì náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ra gidigidi. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, n kò ka ìwé náà tán tí mo fi lọ wo inú àwo. Ìgò omi àti ìgò pọtásíọ̀mù ṣì wà níbẹ̀ pọ̀, wọ́n fara kan ara wọn. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà létí mi bí ẹni pé ó dúró sẹ́yìn mi: “Bí mo bá nà án, ìgò yóò ṣì wà níbi tí ó wà.”

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, mo dìde, mo sì sọ ohun tí mo ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Dókítà àgbà wa, ọkùnrin tí ìró bàtà rẹ̀ nìkan máa ń pa wá lẹ́nu mọ́, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Èmi náà ti gbé ìgò yẹn rí. Mo rí i kí n tó fún aláìsàn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.” Kí ìpàdé náà tó tú, àwa mẹ́rin ni ó ti jẹ́wọ́. Ẹ rò ó wò. Ìgbà mẹ́rin ni ikú ti kan ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìgbà mẹ́rin ni a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó sọ fún ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ikú wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù lọ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà. Mètírọ́nì bi í pé kí ni ó rí sí i. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Láti òru ọjọ́ náà, mà, bí mo bá rí nǹkan, mo máa ń gbé ojú kúrò.” Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ ikú, èmi ni mo sọ ọ́ di odi.

Ẹlòmíràn yóò wí pé àṣà Yorùbá ni ó fa irú èyí, pé a kì í jẹ́ kí ọmọdé fọhùn níwájú àgbà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni náà ní àrùn yìí. Ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, Dókítà Peter Pronovost kọ ohun márùn-ún sílẹ̀ ní 2001, tí dókítà gbọ́dọ̀ ṣe bí ó bá fẹ́ fi rọ́bà sínú iṣan ńlá aláìsàn: kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó fi oògùn apakòkòrò nu awọ ara, kí ó fi aṣọ tí a ti pa kòkòrò ara rẹ̀ bo aláìsàn, kí òun náà wọ fìlà, ìbòmú, ẹ̀wù àti ìbọ̀wọ́ tí ó mọ́, kí ó sì di ojú ibẹ̀ dáradára nígbà tí ó bá parí. Kò sí èyí tí dókítà kankan kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n fún nọ́ọ̀sì láṣẹ pé bí dókítà bá fo ọ̀kan, kí ó dá a dúró, kí àwọn ọ̀gá sì gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà dé àwọn ICU tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ Michigan, kí oṣù méjìdínlógún tó pé, àkóràn tí ń gba ojú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ ti dín kù tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ohun tí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nígbà náà, àwọn baba wa ti fi pa òwe: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àṣà wa kò ní kí ọmọdé dákẹ́. Ó kàn kọ́ ọ ní bí a ti ń sọ ọ́ ni. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú” kì í ṣe àfojúdi. Èmi tí mo sọ ọ́ di àfojúdi ni mo ba àṣà jẹ́.

Báyìí ni a ṣe tún yàrá wa ṣe. A kó pọtásíọ̀mù kúrò nínú àwo, a fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ tí ó ní kọ́kọ́rọ́, ènìyàn méjì ni yóò sì ka ara ìgò sókè kí a tó lò ó. A ra ìwé ńlá kan tí a ń kọ ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ sí. A kì í kọ orúkọ ẹni sínú rẹ̀, a kì í sì fi í kọ kúẹ́rì. A fi ẹnu kò sí gbólóhùn kan: “Ẹ dúró ná.” Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ dókítà àgbà, ì báà jẹ́ pé ẹni tí ń nu ilẹ̀ ni ó sọ ọ́, yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, yóò sì wò. Bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bá ṣì í, a óò sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé ó rọrùn. Ní oṣù kìíní, ojú ìwé mẹ́ta péré ni a kọ, nítorí pé ẹ̀rù ṣì ń bà wá. Dókítà àgbà ni ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù tó fi ọkàn balẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ààbò aláìsàn kò ṣeé yà kúrò lára ààbò ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sí aláìsàn mẹ́rin ní aago mẹ́ta òru, ewu ni fún gbogbo wọn. Ẹ sì rántí oṣù Keje, 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, arìnrìn-àjò kan láti Liberia gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants ní Òbáléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ti fi ọwọ́ kàn án kí wọ́n tó mọ̀. Dókítà Ameyo Adadevoh ni ó fura, tí ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Liberia ń fúngun mọ́ ọn. Ó sọ “Ẹ dúró ná” sí àwọn tí ó lágbára jù ú lọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, pẹ̀lú arìnrìn-àjò náà, 8 ni ó kú, Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. A ń yin irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í wọ ìyìn sí ọwọ́ bí ìbọ̀wọ́. Ẹni tí a bá fẹ́ kí ó dáàbò bo ẹlòmíràn, kí a kọ́kọ́ dáàbò bo òun náà.

Mo wá nọ́ọ̀sì tí wọ́n dá dúró náà lọ. Kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Aṣọ àǹkárá ni ó ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìgò, ìkọ́ ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi dákẹ́. Ó ń ká aṣọ, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo sọ tán, ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú sókè. Ó ní, “Ṣé wọ́n ti kó o kúrò nínú àwo náà?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ti kó o kúrò.”

Ó ní, “Ó dára.” Ó sì tẹ̀ síwájú nínú aṣọ tí ó ń ká. Kò sọ pé òun foríjì mí, èmi náà kò sì lẹ́nu láti béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, púpọ̀ nínú yín ni yóò di ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, ní ilé ẹ̀rọ, ní ilé ẹjọ́, ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọmọdé ni yín lónìí, ẹ óò sì di àgbà lọ́la. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọdé, tí ẹ sì rí ìgò níbi tí kò yẹ, ẹ wúkọ́, ẹ tọrọ gáfárà, kí ẹ sì sọ ọ́. Bí ẹ bá jẹ́ àgbà, tí ọmọdé sì wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ìgò ni kí ẹ wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ yín ni ó gbé ìgò náà síbẹ̀, ẹ rántí obìnrin kan ní Ìrẹmọ tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ó jẹ́wọ́, tí ó sì fi ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ kejì ya aṣọ pupa sí wẹ́wẹ́.